Bíyìí Bándélé: Ọmọ Yorùbá Tó Dàgbà Lẹ́yìn Odi

Lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ra iṣu àti ata bọ̀ láti Rye Lane ní Peckham. Nígbà tó di alẹ́, a jókòó sílé wa ní Sydenham, a ń wo fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba. Bí àwọn òṣèré ṣe lanu, ọmọ náà yíjú sí mi: "Mọ́mì, èdè Grandma rèé!"

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Èdè Grandma, kì í ṣe èdè Mọ́mì. Ibí ni wọ́n bí mi sí. Mo ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń dáhùn.

Ó bi mí pé ta ló ṣe fíìmù náà. Ìtàn tí mo sọ fún un nìyí.

Bíyìí Bándélé ni. Kafanchan, lókè Ọya, ni wọ́n bí i sí ní 1967. Ọmọ Yorùbá làwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọn tó ń sọ Haúsá ló dàgbà sí. Ó kàwé nípa eré orí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1990. Lọ́dún kejì, ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ jáde. The Street tẹ̀ lé wọn ní 1999. Brixton, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ̀ jagun ní Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìtàn ogun tí bàbá sọ fọ́mọ ló di Burma Boy ní 2007.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ gbogbo ìwé wọ̀nyí o. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ sọ Death and the King's Horseman, eré tí Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, di fíìmù, Yorùbá ló fi ṣe é. Ó kú ní Èkó lóṣù kẹjọ 2022, lẹ́ni ọdún 54, kí wọ́n tó fi fíìmù náà hàn ní Toronto lóṣù kẹsàn-án.

Ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, Yorùbá Boy Running, jáde ní 2024. Ìtàn Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ni, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tó kàwé ní Sàró, tó di bíṣọ́ọ̀bù, tó sì ṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá. Ẹ ẹ̀ rí i pé òun náà jìnnà sílé?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti máa ń dá Lọ́ńdọ̀nù lẹ́bi. Àṣé ẹnu mi tó dákẹ́ ló jẹ̀bi.

Ní báyìí, tá a bá ti wọ bọ́ọ̀sì lọ Peckham, Yorùbá nìkan là ń sọ. Àmì ohùn ṣì ń dà mí láàmú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọkọ̀ ní ọkọ́. Ìyá tó jókòó níwájú wa rẹ́rìn-ín, ó tún un ṣe fún mi. Ọmọ mi náà tún un sọ tẹ̀ lé e. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ dáadáa jù mí lọ.