Orí Bàbá Wú: Ìpadàbọ̀ Ọmọ tí Ó Nù ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ." Ẹni tí kò mọ ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ lè kà á sí ọ̀rọ̀ òdì, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibi tí a sin ín sí. A bá a sunkún, a ṣìpẹ̀ fún un, ó sì fi í fún Ọlọ́run. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè ṣọ̀fọ̀, kò sì lè yọ̀. Bí ajá bá gbó lóru, yóò dìde jókòó. Bí àlejò bá wọ ìlú, yóò wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dé lọ́jọ́ kan, tí ó ti di géńdé ọkùnrin, kí ni ohun náà gan-an tí ó ń mú kí orí bàbá rẹ̀ wú? Ìbéèrè yìí ni àròkọ yìí fẹ́ dáhùn.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, yẹ ní ibi tí a ti lè wádìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí omi ni ọ̀nà níbẹ̀, omi náà sì ni oko. Láti Igbókọ̀dá títí dé àwọn ìlú etí òkun bí Ayétòrò àti Àwòyè, ọkọ̀ ojú omi ni ènìyàn ń wọ̀ dé ibi púpọ̀. Ẹja kì í dúró sí ojú kan, nítorí náà apẹja pẹ̀lú kì í dúró sí ojú kan. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ ti tẹ̀dó sí Mákòkó ní Èkó. Àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé etíkun lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí dé àgbègbè Bakassi. Ọ̀dọ́mọkùnrin lè wí pé òun kò ní í pẹ́ dé, kí ọdún márùn-ún kọjá, kí ó di mẹ́wàá, kí ó di ogún. Ìjì lè dojú ọkọ̀ dé; gbèsè lè dè é mọ́lẹ̀ ní ilẹ̀ àjèjì; ìtìjú pé ọwọ́ òun ṣófo sì lè dí ọ̀nà ilé mọ́ ọn. Bàbá tí ó wà nílé kò mọ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ìgbéraga ni kí ènìyàn gbé ara rẹ̀ ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orí wíwú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a bá ki ènìyàn ní oríkì ìdílé rẹ̀, orí rẹ̀ a wú, nítorí pé a rán an létí ẹni tí ó jẹ́. Irú rẹ̀ ni ti bàbá tí ọmọ rẹ̀ padà dé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ a máa sọ bàbá rẹ̀ ní orúkọ: láti ọjọ́ tí a bá ti bí àkọ́bí ni àwọn ará àdúgbò ti ń pe bàbá ní Bàbá Lágbájá. Bí Lágbájá bá nù, orúkọ náà kò bá a lọ. Ojoojúmọ́ ni a ń fi pe bàbá, ojoojúmọ́ ni ó sì ń gún un bí ẹ̀gún. Ọjọ́ tí ọmọ bá dé ni ó tó lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ láìfajúro.

Èkejì ni ti ìsìnkú. Àwọn baba wa wí pé ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nítorí náà, bàbá tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun bímọ. Bí ọmọ náà bá dé, ẹni tí yóò sin ín ni ó dé yẹn. Kì í ṣe ẹrù tí ọmọ kó bọ̀ ni ó ń mú orí rẹ̀ wú. Bí ọmọ bá wọ àkísà dé, orí bàbá yóò wú síbẹ̀.

Àwọn orúkọ wa ń jẹ́rìí sí i. Abídèmí ni ọmọ tí a bí kí bàbá rẹ̀ tó ti ìrìn àjò dé; Tòkunbọ̀ ni ẹni tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé bọ̀ wálé; Ọmọ́wálé ni ọmọ tí ó wá sí ilé. Dídé ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ń yìn. Kò sí èyí tí ó bi ẹni tí ó dé léèrè pé kí ni ó mú bọ̀.

Ṣùgbọ́n ilé wo ni ọmọ ń dé? Ní 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, tí a sì mú ọmọdékùnrin kan, Àjàyí, lẹ́rú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 a kó o sínú ọkọ̀ àwọn Pọtogí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Freetown. Ọmọ náà ni ó di Samuel Àjàyí Crowther, tí a fi joyè àlùfáà ní 1843 àti bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kò tún fi ojú kan bàbá rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846, ní Abẹ́òkúta, ó rí Afala ìyá rẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ fi yé wa pé ọ̀rọ̀ kò tètè jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì. Wọ́n ń wo ara wọn, omijé sì ń dà. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe Òṣoògùn ni wọ́n ti pàdé, nítorí Òṣoògùn ti tú. Abẹ́òkúta kò tilẹ̀ tíì sí nígbà tí a mú ọmọ náà. Nǹkan bí 1830 ni a tẹ̀ ẹ́ dó. Síbẹ̀ ọmọ dé ilé, nítorí ẹni tí ó bí i wà níbẹ̀.

Ti bàbá kan tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Ní 1820, lójú omi etíkun tí ó so ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ìlàjẹ, àwọn adigunjalè ojú omi mú ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ìwé ń pè ní Osifekunde. A tà á sí Brazil, ó sì bí ọmọkùnrin kan síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó bá ọ̀gá rẹ̀ dé Paris, níbi tí d'Avezac, ọ̀mọ̀wé Faransé, ti gba ìtàn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lẹ́nu rẹ̀, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. A wá ọ̀nà láti dá a padà sí Áfíríkà, ṣùgbọ́n Brazil tí ó ti ṣe ẹrú ni ó yàn, nítorí pé ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìlàjẹ lónìí. Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní 1947, ó sì ti gbé ilé púpọ̀ lọ. Ọmọ tí ó bá lọ ní ogún ọdún sẹ́yìn lè padà dé kí ó má rí ojúlé tí a bí i sí mọ́. Bàbá ni yóò kù fún un ní ilé. Bí bàbá kò bá sí mọ́, ẹni tí ó mọ oríkì rẹ̀ ni. Nítorí náà, iṣẹ́ ńlá wà lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ èdè yìí: kí a lọ bá àwọn arúgbó etí òkun, kí a kọ oríkì àti orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n ń retí sílẹ̀, kí ẹni tí ó bá dé lè rí ẹni tí yóò kí i káàbọ̀ ní orúkọ bàbá rẹ̀.