Agbára Àwọn Olùyẹ̀wò Iná Mànàmáná

Iná mànàmáná tí ń bẹ nínú wáyà kò ní àwọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òórùn tí ènìyàn lè fi dá a mọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ọdún 2017, ní ìlú Calabar, wáyà iná alágbára ńlá já lu ilé kan níbi tí àwọn ènìyàn péjọ sí láti wo eré bọ́ọ̀lù. Ó kéré tán, ènìyàn méje ni ó bá ìjàǹbá náà lọ. Ta ni òfin fún ní agbára láti dènà irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀?

Àjọ ìjọba àpapọ̀ kan ni, tí à ń pè ní NEMSA. Òfin ọdún 2015 ni ó gbé e kalẹ̀. Òfin Iná Mànàmáná ti ọdún 2023 sì tún fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Bí wolé-wolé ti ń yẹ àyíká ilé wò nítorí àrùn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn olùyẹ̀wò àjọ yìí ń yẹ òpó, wáyà àti transfọ́mà wò. Àwọn ni ó ń dán iṣẹ́ iná wò, tí wọ́n sì ń fún un ní ìwé ẹ̀rí kí a tó tan iná sí i. Àwọn náà ni ó ń fún àwọn oníṣẹ́ iná ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì ń wádìí ìjàǹbá tí ó bá pa ènìyàn.

Síbẹ̀, agbára wọn ní ààlà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́lé sí abẹ́ wáyà ńlá, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ ni àṣẹ ìkọ́lé wà. Láti ọdún 2023 pẹ̀lú, àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti fún àwọn ìpínlẹ̀ ní àyè sí i láti ṣòfin lórí iná mànàmáná. Èyí dára, bí ìjọba méjèèjì bá fọwọ́ so pọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹni méjì bá ń tì síra wọn, ilẹ̀ ni yóò wà.

Ojúṣe àwa aráàlú kò sì kéré. Ìgbà tí a kò tí ì rẹ́ ògiri bo wáyà ni ó yẹ kí a pe olùyẹ̀wò. Ẹni tí ó fi owó ra ìwé ẹ̀rí láìjẹ́ kí a dán iṣẹ́ wò, ewu ni ó rà sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.