Omi tó ń bo ilé ní Aguégués, òkè ló ti ń bọ̀: ohun tí òfin omi sọ

Lọ́dọọdún, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, omi máa ń bo oko àti ilé ní Aguégués, Sô-Ava, Adjohoun àti Bonou. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu ni pé nígbà míì, òjò ò tiẹ̀ rọ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Níbo wá ni omi ti wá?

Òkè ló ti wá. Orí àwọn òkè Tanéka, ní àríwá Benin, ni odò Ouémé ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rìn tó kìlómítà 510 kó tó dé ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ìgbà òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní ní àríwá, òjò náà sì máa ń le jù láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Omi yẹn á máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀, á gba ilẹ̀ Ṣábẹ kọjá, odò Okpara á dà pọ̀ mọ́ ọn, kó tó wá tú jáde sí ìsàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́.

Nítorí náà, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀, odò kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Bí ará òkè bá gé igi etí odò tán, òjò á gbá ilẹ̀ wọnú odò, odò á dín jíjìn kù, omi á sì tètè kún bo ará ìsàlẹ̀. Bí oògùn tí wọ́n fín sí oko òwú bá ṣàn wọ odò, apẹja ìsàlẹ̀ ló máa pàdé rẹ̀.

Kí wá ni òfin sọ? Lọ́dún 2010, àkúnya omi ńlá kan bá kọ̀múùnù 55 nínú 77 tó wà ní Benin. Ọdún yẹn gan-an, ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá, ni Òfin 2010-44 lórí ìṣàkóso omi jáde. Ohun mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀ nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́, omi jẹ́ ohun ìní gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Pé odò gba inú oko ẹnì kan kọjá kò sọ ọ́ di tirẹ̀. Omi mímu ló sì gbọ́dọ̀ ṣíwájú gbogbo ìlò yòókù. Ẹni tó bá fẹ́ fa omi púpọ̀, tàbí tó fẹ́ mọ ìsédò, ní láti sọ fún ìjọba tàbí kó gba àṣẹ.

Èkejì, ẹni tó bá ba omi jẹ́ ló máa san owó àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, òun ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ààlà odò la fi ń ṣàkóso omi, kì í ṣe ààlà kọ̀múùnù. Gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan, èyí tí Faransé ń pè ní bassin, a gbọ́dọ̀ kà á sí ọ̀kan. Òfin ní kí ìgbìmọ̀ wà fún un, kí àwọn tó ń lo omi náà sì ní ẹnu nínú rẹ̀.

Odò kì í wo ààlà orílẹ̀-èdè pàápàá. Ní Togo, tí òun náà ní òfin omi tirẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kẹfà 2010, ìsédò Nangbéto wà lórí odò Mono láti 1987. Bó bá kún tí wọ́n ṣí i, ará Athiémé àti Grand-Popo, ní Benin níhìn-ín, ló máa rí i. Ìdí nìyẹn tí orílẹ̀-èdè méjèèjì fi fọwọ́ sí àdéhùn kan ní òpin ọdún 2014 láti dá àjọ tó ń bójú tó odò Mono sílẹ̀.

Ìyípadà ojú ọjọ́ ti mú kí ọ̀rọ̀ yìí le sí i. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gbóná sí i ló ṣe ń gba omi sára sí i. Bó bá wá tú u sílẹ̀, òjò ńlá láàárín àkókò kúkúrú ni; lẹ́yìn náà, ọ̀dá lè tẹ̀ lé e. Ní Kétu, níbi tí omi ti jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, tí kànga gbígbẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, ẹ̀ẹ̀rùn tó bá fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ gùn sí i kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òfin 2018-18 ti ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ 2018 wà fún ìyípadà ojú ọjọ́ yìí. Abala 27 nínú òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa sì ti sọ ọ́ láti 1990: ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni àyíká tó dára, ojúṣe gbogbo ènìyàn sì ni láti gbèjà rẹ̀.

Àmọ́ èdè Faransé ni wọ́n fi kọ gbogbo òfin wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń pọn omi, tó ń pẹja, tó ń dáko létí odò, púpọ̀ nínú wọn kò kà á. Ẹ̀tọ́ tí èèyàn ò mọ̀, kò lè béèrè fún un.

Torí náà, ẹ̀yin ará wa, bí ìpàdé bá wà ní mairie lórí omi, ẹ lọ, ẹ sì béèrè: ta ló ń ṣojú wa nínú ìgbìmọ̀ odò? Bí ẹnì kan bá ń fi ẹ̀rọ ńlá fa omi lẹ́bàá kànga yín, ẹ béèrè bóyá ó gba àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí igi etí odò wà níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ya odò Ouémé sí ojú pátákó láti Tanéka dé Àjàṣẹ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka tọ́ ibi tí ìlú tirẹ̀ wà lórí rẹ̀. Á rí àwọn tó wà lókè rẹ̀, á sì rí àwọn tó wà nísàlẹ̀.