Máàpù Ìrísí Ilẹ̀: Bowie, Maryland
Yíǹkì lórí bébà. Òṣùwọ̀n 1:24,000
Ìtẹ̀jáde U.S. Geological Survey, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1879

Sẹ̀ǹtímítà 1 lórí bébà yìí dúró fún mítà 240 lórí ilẹ̀. Àwọ̀ aró ni omi, àwọ̀ ewé ni igbó, dúdú ni ilé.

Ẹ wo àwọn ìlà aláwọ̀ bíráùn dáadáa. Gbogbo ibi tí ìlà kan gbà kọjá ló ga bákan náà ju ojú òkun lọ. Nọ́ńbà ara ìlà tó nípọn ń sọ iye ẹsẹ̀ bàtà. Níbi tí ìlà ti fún mọ́ra, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó le gùn ni. Níbi tí wọ́n ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú.

Ẹ wá odò Patuxent, ààlà káúntì Prince George's àti káúntì Anne Arundel. Pẹrẹsẹ ni ilẹ̀ etí rẹ̀, omi a sì máa bò ó. Níbi tí ìlà bíráùn bá ti sọdá odò kékeré, ó ṣe ṣóńṣó bíi lẹ́tà V. Ṣóńṣó náà kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀.

Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní Bowie lè ti ara àwọn ìlà yìí mọ ọ̀nà tí àgbàrá máa gbà, kí òjò tó dé.