Kí Ni Ká Máa Pe Ẹ̀rọ Orí Ọwọ́ Kẹ̀kẹ́?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó ti rí ẹ̀rọ kékeré tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ máa ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tó ń sọ bí wọ́n ti ń sáré tó àti bí wọ́n ti rìn jìnnà tó. Ní Parakou, níbi tí Yorùbá, Bààtọ́nú, Dẹ́ńdì àti Faransé ti ń pàdé, èdè ìjọba fún un ní orúkọ «compteur». Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Nàìjíríà sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà. Èwo ni kí àwa mú? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe.

Òòfà kékeré kan wà lára ọ̀kan nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ iwájú kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ aṣọ́nà kan sì wà lára irin tó di ẹsẹ̀ náà mú. Bí òòfà bá ti kọjá, ewé irin méjì inú aṣọ́nà yìí á fara kanra, á sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti yí lẹ́ẹ̀kan. Nínú irú tó ní wáyà, wáyà ló ń gbé ìròyìn náà lọ sókè. Nínú irú tí kò ní wáyà, ìgbì rédíò ni. Ìgbì náà kì í lọ jìnnà, síbẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ méjì bá sún mọ́ra, ẹ̀rọ ẹnìkan lè máa gbọ́ ti ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá fún ìgbì kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. (Ẹni tó bá ti kọ́ nípa fóníìmù kò ní bèèrè ìdí tí ìyàtọ̀ fi ṣe pàtàkì.)

Ẹ̀rọ náà kò mọ ọ̀nà rárá, ó kàn ń kà ni. Ẹni tó ni ín ló ń tẹ gígùn ìyípo kan sínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mítà 2.1, tí ẹsẹ̀ sì yí lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, mítà 6.3 nìyẹn, nǹkan bíi kìlómítà 22.7 ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ 2.05 dípò 2.1, kìlómítà 100 á di 97.6 lójú ẹ̀rọ. Láti Parakou dé Kùtọnu, tó lé ní kìlómítà 400, ó ti gbé nǹkan bíi mẹ́wàá mì. Ẹ má gbára lé ìwé tó bá ẹ̀rọ wá nìkan o. Ẹ fi ẹfun sàmì sára táyà àti sórí ilẹ̀, kí ẹnìkan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí táyà lè tẹ̀ bó ṣe yẹ, kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì wọn ilẹ̀.

Nítorí náà, orúkọ Faransé bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: «compter» ni kíkà. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn kan náà, computare, ni kọ̀ǹpútà náà ti wá. Àwọn Faransé fúnra wọn kò tiẹ̀ lò ó fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì. «Ordinateur» ni Jacques Perret dábàá fún ilé iṣẹ́ IBM ní 1955.

«Òǹkà» kò tó, torí ó ti ń jẹ́ nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Bí kà àti ìwé bá bí kàwé, kà àti ìyípo á bí kàyípo. Mo dìbò fún «akàyípo». Àwọn ẹ̀rọ tuntun tó ń lo sátẹ́láìtì kò ní láti ka ìyípo kankan. Tiwọn ṣì ń wá orúkọ.