Ṣé O Mọ̀? Arọ́pò Bọ́tìnnì fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí British Museum, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, fẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére, èyí tí wọ́n pàtẹ ní Wembley ní 1924, Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò tà á lówó, àga ọba ló gbà dípò rẹ̀, tí Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn rọ́pò rẹ̀? Àmọ́ ẹni tí bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù já lára Commodore 64 rẹ̀, kọ̀ǹpútà ilé ti 1982, kò rí Ọlọ́wẹ̀ bẹ̀ níṣẹ́. Ara kíbọ́ọ̀dù tó ti kú ni yóò ti wá arọ́pò. Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: bọ́tìnnì tó jọra lójú lè yàtọ̀ nísàlẹ̀, nítorí oríṣiríṣi ni kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sára kọ̀ǹpútà náà, nítorí náà yọ ọ̀kan tó kù lára tìrẹ, kí o yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kí o tó sanwó, kí o sì béèrè sípíríǹgì arọ́pò náà pẹ̀lú. Ti ZX Spectrum àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ilé mìíràn, yàtọ̀ pátápátá: rọ́bà kan ṣoṣo ni bọ́tìnnì 40 rẹ̀, odindi rẹ̀ ni a ń pààrọ̀.