Ẹ̀rọ Kékeré Tí Ń Sọ̀rọ̀, Tí Ó Sì Ń Gbèsì

Nígbà tí a fa wáyà rédíò wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó ní 1935, tí àpótí náà sì ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lè dá a lóhùn, orúkọ tí àwọn baba wa wá fún irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, ẹ̀rọ tí a fẹ́ ròyìn fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò jẹ́ orúkọ náà, nítorí òun a máa sọ̀rọ̀, a sì máa gba èsì. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ inú àpò ẹ̀wù. Ọmọ tí ó bá ní sùúrù lè tò ó pọ̀ lórí tábìlì ìyá rẹ̀. Agbára tí ó sì fi ń ránṣẹ́ kò tó ti gílóòbù tí ń tàn nínú fìríìjì.

Káàkiri ayé ni a ti rí àwọn tí ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ìfẹ́ ẹ̀kọ́ nìkan, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Nínú wọn ni àwọn kan wà tí wọ́n fi ara wọn sábẹ́ òfin pé, bí àwọn bá ń tẹ àmì Morse, àwọn kò ní lò ju wáàtì 5 lọ. QRP ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí, láti inú àwọn lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta tí àwọn atẹ-wáyà ti ń lò tipẹ́tipẹ́; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a dín agbára kù.

Ẹni tí kò mọ̀ lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà lọ́jà a máa lo wáàtì 100. Kí ni 5 yóò ṣe? Ṣùgbọ́n etí kì í ka agbára bí a ti ń ka owó. Abẹ́rẹ́ tí ń fi bí ohùn ti le tó hàn lójú ẹ̀rọ ẹni tí ń gbọ́, a ṣètò rẹ̀ kí ó sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo nígbà tí agbára bá dín kù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Láti 100 sí 25, ìlà kan. Láti 25 sí nǹkan bí 6, ìlà kejì. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń gbọ́ wáàtì 100 ketekete yóò gbọ́ 5 pẹ̀lú, bí ariwo kò bá pọ̀ níbi tí ó wà. Wòlíì Èlíjà pàápàá mọ̀ pé kì í ṣe inú ìjì ni ọ̀rọ̀ máa ń wà nígbà gbogbo.

Inú wa dùn láti sọ pé alùfáà ni ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ jù lọ lórí ọ̀ràn yìí. Alùfáà Ìjọ Áńgílíkà ni George Dobbs ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, G3RJV sì ni àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n lórí afẹ́fẹ́. Ní 1972 ó kọ ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọdé nínú ọ̀wọ́ ìwé Ladybird, ó fi kọ́ wọn bí a ti ń to rédíò lórí pátákó. Ní 1974 ó dá ẹgbẹ́ G-QRP sílẹ̀, ó sì jẹ́ olóòótú ìwé ìròhìn wọn, SPRAT, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Rédíò kan tí ó ṣètò kí ó lè rọrùn fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Sudden, èyí tí í ṣe orúkọ àdúgbò tí ó ti ń ṣiṣẹ́ àlùfáà nínú ìlú Rochdale. Ó sùn nínú Olúwa ní 2019. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, ní 1976, Doug DeMaw kọ sínú ìwé ìròhìn QST bí òun ti to ẹ̀rọ ìránṣẹ́ kan sórí agolo ẹja, tíránsísítọ̀ méjì péré; agbára rẹ̀ kò tó ìdajì wáàtì kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Kírísítálì kan wà níbẹ̀, òkúta tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́, tí í gbọ̀n ní ìwọ̀n kan ṣoṣo. 7,030 kHz tàbí ìtòsí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́rọ kékeré ti máa ń pàdé. Tíránsísítọ̀ yóò mú ìgbọ̀n yìí, yóò sọ ọ́ di alágbára. Kọ́ìlì àti kọ́ńdẹ́ńsà díẹ̀ yóò sì sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì kí ó tó jáde. Nígbà tí a bá ń gbọ́, ìgbọ̀n yìí kan náà ni a ó pò mọ́ ohùn tí ń bọ̀ láti òkèèrè, ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì sì ni etí wa yóò gbọ́ bí ẹni ń súfèé. Nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Pixie, tíránsísítọ̀ kan náà tí ń ránṣẹ́ ni í ṣe iṣẹ́ ìpòpọ̀ yìí. Kí a má ṣe fi sísẹ́ náà ṣeré o. Ẹ̀rọ tí a kò bá sẹ́ ìgbọ̀n rẹ̀ dáadáa yóò máa fọhùn ní 14,060 àti ní 21,090 pẹ̀lú, níbi tí a kò rán an sí, yóò sì máa yọ aládùúgbò lẹ́nu.

Wàyí o, iṣẹ́ ti parí, ọmọ ti so bátìrì mọ́ ọn, ẹ̀rọ kò fọhùn. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú sí abẹ́ ibùsùn, tí àwọn mìíràn sì ń tọrọ owó láti ra èyí tí ó lágbára jù ú lọ. A bẹ̀ yín, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe gbà fún un, nítorí ibi tí ẹ̀kọ́ wà gan-an ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ó jẹ́ pé agbára ni ó kù.

Kí ó yọ bátìrì, kí ó wo ojú òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òjé tí ó yọ́ dáadáa a máa dán, a sì máa rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ohun tí a jó mọ́ ọn. Èyí tí kò gba ooru tó a máa ṣú, a sì máa dúró lókè bí ìlẹ̀kẹ̀. Irú èyí ni kí ó tún jó. Lẹ́yìn náà kí ó wo kọ́ìlì, nítorí bí a bá bi wá léèrè ibi tí a ó kọ́kọ́ fura sí, ibẹ̀ ni a ó nawọ́ sí. Wáyà bàbà tí a fi ń wé kọ́ìlì ní ọ̀dà tẹ́ẹ́rẹ́ lára tí ojú kò tètè rí. Ẹni tí kò bá fi ọ̀bẹ ha orí rẹ̀ yóò jó òjé yí i ká títí, iná kò ní kọjá. Kí ó wò bóyá ohun kan dojú kodò, kí ó sì ka àwọ̀ ara rẹ̀sísítọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, nítorí ẹni tí ó bá pe àwọ̀ ọsàn ní pupa lábẹ́ fìtílà yóò fi 10,000 ọ́ọ̀mù síbi tí 1,000 yẹ kí ó wà.

Bí ojú kò bá rí nǹkan kan, kí ó mú mítà. Ègé kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ tí a ń pè ní LM386 ni í gbé ohùn dé etí nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí. Bí bátìrì bá jẹ́ fólítì 9, nǹkan bí 9 ni mítà yóò kà ní ẹsẹ̀ kẹfà, ìdajì rẹ̀ ni yóò sì kà ní ẹsẹ̀ karùn-ún. Bí èyí bá péye, kí ó di irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, kí ó fi orí rẹ̀ kan ẹsẹ̀ kẹta. Ohùn kan yóò kùn ní etí rẹ̀ bí oyin. Bí ó bá kùn, apá ìgbọ́rọ̀ yìí yè, kí ó wá ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ sí iwájú. Láti mọ̀ bóyá kírísítálì ń gbọ̀n, kí ó gbé rédíò onígbì kúkúrú mìíràn sí tòsí, kí ó yí i sí ìwọ̀n kan náà; nígbà tí kírísítálì bá ń ṣiṣẹ́, ariwo hẹ̀ẹ̀ inú rédíò náà yóò rọlẹ̀ lójijì. Kí ó má sì ṣe ránṣẹ́ láì so ohun kan mọ́ ẹnu ọ̀nà àbájáde, kí tíránsísítọ̀ má baà gbóná kọjá ààlà: rẹ̀sísítọ̀ 100 ọ́ọ̀mù méjì tí a so pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí wọ́n di 50, tó fún ìdánwò.

Ó ku áńtẹ́nà. Fún 7,030 kHz, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 66 ni wáyà náà, a ó gé e sí méjì ọgbọọgba, a ó sì fà á sókè. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ wa gbọ́dọ̀ le. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò lè pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wáyà tí ọmọ jù sórí igi, tí ó lọ kan wáyà iná mànàmáná òpópó, lè pa òun àti ẹni tí ó sáré wá gbà á. Kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń fà á, kí ibi tí a ó fà á gbà jìnnà sí wáyà iná tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè kàn án bí ó tilẹ̀ já. Nígbà tí òjò bá ṣú, kí a yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kí àrá tó bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ láìní i, bí ó ti wù kí agbára rẹ̀ kéré tó. Ní Nàìjíríà, àjọ NCC ni ọ̀ràn yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, 5N ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ àmì àwọn ará ibẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, kí ọmọ máa gbọ́, kí ó máa kọ́ Morse.

Ní ọ̀sán, ìgbì yìí kì í sábà rìn jìnnà, nítorí oòrùn a máa mú kí ìpele afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè réré gbé e mì. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú ni òkè yóò máa dá a padà sí ilẹ̀ jíjìn, àní kọjá òkun. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńláńlá tí wọ́n wà lókè 7,200 kHz máa ń dí etí ẹ̀rọ kékeré. Bí àfẹ̀mọ́júmọ́ bá sún mọ́, ó lè rọrùn díẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ yóò tẹ CQ, yóò tẹ àmì rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn, yóò kọ́kọ́ fi nọ́mbà mẹ́ta sọ bí ó ti gbọ́ ọ sí. Ẹni tí ó bá gba 559 láti ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú wáàtì kan, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ọjọ́, kí ó tẹ 73, èyí tí í ṣe ìkíni láàrin wọn, kí ó sì fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.